Bàbá Téèpù Kò Buwọ́ Lu Láísẹ́ǹsì

Ẹjọ́ kan wọ ààfin lánàá, tó jẹ́ pé títí di àárọ̀ yìí, Ọ̀tún ṣì ń fọwọ́ pa iwájú orí níbi tí bọ́tìnì ti bà á.

Ìyàwó ló pe ọkọ lẹ́jọ́. Ẹ má rò pé ọkọ nà án o, kò sì lé e jáde nílé. Ohun tó ṣe ò ju pé ó kọ̀, kò buwọ́ lùwé.

Ìyá Kọ̀ǹpútà ni gbogbo àdúgbò ń pe obìnrin náà. Òun ló kọ ètò kọ̀ǹpútà tí àwọn télọ̀ fi ń gé aṣọ: wọ́n á tẹ ìwọ̀n oníbàárà sí i, á sì ya ibi tí àlùmọ́gàjí máa gbà. Ọkọ rẹ̀, Bàbá Téèpù, télọ̀ ni. Téèpù kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀ àfi tó bá fẹ́ wẹ̀. Láti aago mẹ́sàn-án ni obìnrin yìí ti jókòó sórí bẹ́ńṣì, kọ̀ǹpútà alágbèéká lórí itan, báàgì kan lẹ́sẹ̀, ọkàn rẹ̀ ò sì balẹ̀. Oṣù márùn-ún ló ti fi pa ẹ̀dà tuntun ètò náà mọ́ nítorí ìbuwọ́lù ẹnì kan ṣoṣo, ẹni yẹn sì rèé, bẹ́ẹ̀dì kan náà ni wọ́n jọ ń sùn sí.

"Obìnrin, kí ló dé?" ni Kábíyèsí bi í.

"Kí adé pẹ́ lórí, Kábíyèsí. Ọ̀fẹ́ ni mo fi ètò mi sílẹ̀ fún gbogbo ayé. Láísẹ́ǹsì tí mo kọ mọ́ ọn ní kí ẹni tó bá wù mú un, kó lò ó bó ṣe fẹ́. Ilé-iṣẹ́ aránṣọ ńlá kan wá mú un, wọ́n tún un ṣe díẹ̀, wọ́n sì fi kọ́kọ́rọ́ tì í. Télọ̀ kékeré ò lè rí inú ẹ̀ mọ́."

"Olè ni wọ́n nígbà náà."

"Rárá o. Mo ní kí wọ́n mú un, wọ́n sì mú un. Èyí tó lọ ti lọ. Ẹ̀dà tuntun ni mo fẹ́ fi láísẹ́ǹsì mìíràn dè: ẹni tó bá mú un, tó tún un ṣe, kó ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ fún ẹlòmíì bí a ṣe ṣí i fún òun."

"Ọ̀rọ̀ rẹ dáa. Pààrọ̀ ẹ̀, kó o máa lọ sílé."

"Mi ò lè dá a ṣe, Kábíyèsí. Èmi àti àwọn méjìlá mìíràn la jọ kọ ọ́. Ẹni tó bá ti kọ ìlà kan síbẹ̀, òun ló ni ìlà yẹn, àfi kó buwọ́ lù ú. Mọ́kànlá ti buwọ́ lù ú. Ọ̀kan nínú wọn wà nílẹ̀ òkèèrè tí mi ò fojú rí rí, ìṣẹ́jú mẹ́rin ló fi dá mi lóhùn. Ẹnì kejìlá ló kù, òun nìyẹn."

Ó nàka sí ọkọ rẹ̀. Bàbá Téèpù ń wo àjà.

"Ìlà mélòó ló kọ?"

"Ẹyọ kan."

"Nínú mélòó?"

"Ẹgbẹ̀rún mẹ́rìnlá, Kábíyèsí."

Àwọn ìjòyè rẹ́rìn-ín. Bàbá Téèpù ò rẹ́rìn-ín.

"Kí ni ìlà ọ̀hún wí?"

"Ó ní bí oníbàárà bá ti lé lógójì ọdún, kí ẹ̀rọ fi íǹṣì méjì kún ìbàdí rẹ̀, bó ti wù kó búra tó pé òun ò tíì sanra."

Kábíyèsí yíjú sí ọkọ. "Kí ló dé tó ò buwọ́ lù ú?"

"Wọn ò tíì kọ̀wé sí mi."

Ìyá Kọ̀ǹpútà fò dìde. "Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo fi ímeèlì ránṣẹ́!"

"Ìwé kan dé lóòótọ́, Kábíyèsí, ṣùgbọ́n mi ò mọ ẹni tí wọ́n kọ ọ́ sí. Ẹ jẹ́ kí n kà á." Ó yọ fóònù, ó gbé awò sójú. "'Olùkópa wa ọ̀wọ́n, a dúpẹ́ fún ipa tí ẹ kó, bó ti wù kó kéré tó. Ó ṣeé ṣe kí ẹ má rántí wa mọ́.' Kábíyèsí, kí n má rántí wọn mọ́! Orí oúnjẹ ni mo wà tí ìwé yìí wọlé. Ìyàwó mi yìí ló gbé oúnjẹ ọ̀hún síwájú mi. Ọdún mọ́kàndínlógún rèé tí mo ti fẹ́ ẹ. Mo gbójú sókè, mo wò ó, fóònù ló ń tẹ̀."

Ìyá Kọ̀ǹpútà rántí ọjọ́ náà. Ìwé kan ló kọ fún àwọn méjèèjìlá, ó fi ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ó bá tirẹ̀ lọ. Ojú bẹ̀rẹ̀ sí í tì í díẹ̀díẹ̀.

"Ìwọ ò wá fèsì?" ni Kábíyèsí bi í.

"Mo fèsì, Kábíyèsí. Mo ní: 'Ẹni ọ̀wọ́n, ẹ ṣìnà. Ọkùnrin tó ni àdírẹ́sì yìí ní ìyàwó nílé, kì í gba lẹ́tà lọ́wọ́ obìnrin tí kò mọ̀ ọ́n.'"

Ẹ̀rín gba ààfin kan. Kí ó tó rọlẹ̀, láńdílọ́ọ̀dù wọn, tó wá jẹ́rìí, ti dìde.

"Kábíyèsí, kí ni wọ́n ń bá ara wọn jà sí? Èmi ni mo ni ìlà yẹn. Ikùn mi ló wọ̀n kó tó mọ̀ pé íǹṣì méjì ni."

"Irọ́ ńlá!" Ìyá Bàbá Téèpù, tó jókòó lẹ́yìn ọmọ rẹ̀, ti gba ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. "Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Kí ikùn láńdílọ́ọ̀dù tó yọ ni ìlà yẹn ti wà. Ikùn bàbá ọmọ mi yìí ni, kí Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún un. Ọdọọdún ni mò ń tú ìbàdí ṣòkòtò rẹ̀. Èmi ló yẹ kí wọ́n bẹ̀!"

"Màámi," ni Ìyá Kọ̀ǹpútà wí, "ọ̀sẹ̀ tó kọjá lẹ ní ẹ ò mọ ohun tó ń jẹ́ kọ̀ǹpútà."

"Mi ò mọ kọ̀ǹpútà. Mo mọ ikùn."

Ọ̀tún wúkọ́. "Obìnrin yìí, yọ ìlà náà dànù. Ẹgbẹ̀rún mẹ́rìnlá dín ẹyọ kan, ta ni yóò mọ̀?"

"Mo ti yọ ọ́, Baba. Ìwọ̀n Kábíyèsí wà lọ́wọ́ wa, mo fi ẹ̀dà tí kò ní ìlà yẹn gé ṣòkòtò kan fún wọn. Òun rèé." Ó fà á yọ nínú báàgì.

Kábíyèsí gbé e, wọ́n wọ yàrá lọ. Wọ́n pẹ́ díẹ̀. Nígbà tí wọ́n máa jáde, ẹsẹ̀ kéékèèké ni wọ́n ń gbé.

"Ó bá mi mu," ni wọ́n wí. Ohùn wọn tín-ín-rín.

"Ẹ jókòó, Kábíyèsí," ni Bàbá Téèpù wí jẹ́jẹ́.

Kábíyèsí jókòó. Bọ́tìnì já tọ́ọ́, ó fò kọjá lórí akọ̀wé, ó sì ba Ọ̀tún níwájú orí.

"Mo dán íǹṣì kan wò lára láńdílọ́ọ̀dù," ni Ìyá Kọ̀ǹpútà wí, "ó ya. Mo dán mẹ́ta wò, ó já bọ́ sílẹ̀ lójú títì. Méjì náà ni."

Kábíyèsí fọwọ́ di ìbàdí mú. "Ẹ gbọ́ ìdájọ́. Obìnrin, o jẹ̀bi. Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ìwọ ò wolé kó o tó pe ọkọ rẹ ní olùkópa. Kọ lẹ́tà mìíràn níbí, nísinsìnyí, lọ́wọ́. Kó má jọ ti ẹnikẹ́ni. Ọkùnrin, ìwọ náà jẹ̀bi. O mú gbogbo télọ̀ kékeré dúró lójú kan nítorí ìkíni. Ìwọ lo máa wọ ṣòkòtò yìí. Màá ní kí wọ́n rán bọ́tìnì mìíràn mọ́ ọn fún ọ, èyí tí kò lè já. Òun ni wàá máa wọ̀ jẹun láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́, títí wàá fi buwọ́ lùwé. Ìyá rẹ ni yóò máa bu oúnjẹ."

"Yéè!" ni Bàbá Téèpù ké. Ìyá rẹ̀ ti ń ká apá aṣọ sókè.

Ìyá Kọ̀ǹpútà gba bírò. Ó kọ ọ́, ó pa á rẹ́, ó tún un kọ. Ó dìde kà á.

"Ọkọ mi. Ìlà tí mo kọ síbẹ̀, ẹlòmíì lè kọ ọ́. Tiyín ni mi ò lè kọ. Mo gbìyànjú, mi ò lè kọ ọ́, nítorí ọgbọ̀n ọdún lẹ fi kúnlẹ̀ síwájú àwọn èèyàn, téèpù lọ́wọ́, kí ẹ tó mọ̀ ọ́n. Ẹ jọ̀ọ́. Èmi ni, ìyàwó yín."

Bàbá Téèpù yọ awò, ó nù ún. Kò sí ẹni tó mọ̀ bóyá awò ló dọ̀tí. "Mú bírò wá," ló wí. Ó buwọ́ lu ìwé láísẹ́ǹsì, ó sì ká lẹ́tà náà sápò.

"Méjìlá ti pé!" Obìnrin náà ti ń kó ẹrù rẹ̀.

"Jókòó," ni Kábíyèsí wí. "Ta ló fi ara dán iṣẹ́ yín wò lónìí? Ìbàdí ta ni bọ́tìnì ti já? Èmi lẹnì kẹtàlá."

"Ẹ ò kọ ìlà kankan, Kábíyèsí."

"Mò ń kọ ọ́ lọ́wọ́. Bí oníbàárà bá jẹ́ ọba, kí ẹ̀rọ fi íǹṣì mẹ́ta kún un. Fi síbẹ̀. Tó o bá wá fẹ́ kí n buwọ́ lù ú, kọ lẹ́tà sí mi. Má sì kọ 'Olùkópa wa ọ̀wọ́n' o."

"Èmi náà ń retí tèmi," ni Ọ̀tún wí, ọwọ́ rẹ̀ lórí iwájú orí.

Ìyá Kọ̀ǹpútà tún jókòó, ó ṣí kọ̀ǹpútà. Ọkọ rẹ̀ sún mọ́ ọn lórí bẹ́ńṣì, ó fẹnu sí i létí.

"Kọ mẹ́rin," ló wí. "Mo ti wọn ìbàdí yẹn rí."