Omi Tí Ọwọ́ Lè Gbà

Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an ni obìnrin tó ń dáná fún ilé ìwé máa padà wá. Kárọ́ọ̀tì gbígbẹ tó rà lọ́wọ́ Ìyá Oníkárọ́ọ̀tì lọ́sẹ̀ tó kọjá kọ̀, kò rọ̀ nínú ìkòkò. Àwọn ọmọ ní àwọn ò wá sílé ìwé wá jẹ òkúta. Bí tòní náà bá le, yóò gbé iṣẹ́ náà fún ẹlòmíràn. Oníbàárà mìíràn kò sì sí fún Ìyá Oníkárọ́ọ̀tì.

Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ló wá gbé iṣẹ́ lé Ọwọ́ Irin lọ́wọ́. Ọkọ àbúrò rẹ̀ ni. Ọdún méjìlá ló fi ṣe búrẹ́dì, ọwọ́ lásán ló sì fi ń yọ páànù nínú ààrò. Bí ẹ bá bá a jókòó fún ìṣẹ́jú méjì, ẹ óò gbọ́ ìtàn yẹn lẹ́ẹ̀mẹta.

“Ẹńsáìmù nìyí,” Ìyá Oníkárọ́ọ̀tì na àpò ìyẹ̀fun kékeré kan sí i. “Òun ló ń tú ara kárọ́ọ̀tì kó tó gbẹ, kó lè rọ̀ kíákíá tí wọ́n bá fẹ́ sè é. Da ṣíbí kan sínú omi, kí o rẹ kárọ́ọ̀tì sí i. Kí omi náà ṣáà jẹ́ èyí tí ọwọ́ lè gbà o. Tó bá gbóná jù, ẹńsáìmù á kú, kò sì ní ṣiṣẹ́ kankan.”

“Ẹ̀gbọ́n mi, tó bá jẹ́ ti ọwọ́, ẹ lọ sinmi. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Tèmi tó pẹpẹ, ó wọ akèrègbè, ó tún ń wọ ààrò jáde láìjó irun kan.”

Omi ti hó, ṣùgbọ́n gáàsì ti fẹ́ tán. Ìyá Oníkárọ́ọ̀tì gbé sìlíńdà, ó jáde lọ rà á.

Ọwọ́ Irin da omi gbígbóná sínú báàfù, ó ti ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ooru bo gbogbo yàrá. Àwọn obìnrin méjì tó ń gé kárọ́ọ̀tì sá lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà.

“Bọ̀ọ̀dá, omi yẹn ò gbóná jù?”

“Èyí? Ó kàn lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni.” Ó tún bu gbígbóná kún un.

Lẹ́yìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ó tẹ ègé kan wò. Ó le. Ó ní ìyẹ̀fun náà ló ń ṣọ̀lẹ, ó da ṣíbí kejì sí i. Ó ṣì le. Kó tó di pé ó gbọn àpò náà tán, òkú ẹńsáìmù lórí òkú ẹńsáìmù ló ń dà sínú omi, kò mọ̀. Ó bá kó gbogbo rẹ̀ sínú àpótí gbígbóná tí wọ́n fi ń mú ẹ̀fọ́ gbẹ.

“Ṣé ó rọ̀?” ni Ìyá Oníkárọ́ọ̀tì bi í nígbà tó dé.

“Bí inú búrẹ́dì.”

Kárọ́ọ̀tì gbẹ tán, aago márùn-ún lù, obìnrin ilé ìwé dé. Ó rẹ ẹ̀kúnwọ́ kan sínú abọ́ omi, ó dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó gbọn abọ́ náà. Ó ń dún kàràkàrà.

“Ẹ má wo ti ariwo,” ni Ọwọ́ Irin wí. “Ẹnu ni ẹlẹ́rìí.” Ó ju ègé mẹ́rin sẹ́nu.

Ó rún un, ó rún un. Obìnrin náà bi í pé ọjọ́ mélòó ló ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí; ó na ìka kan sókè. Ó bi í pé ṣé ó dùn. Ọwọ́ Irin mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ìgbà tó yá, nǹkan dún kọ́ lẹ́nu rẹ̀, ó já sínú abọ́. Eyín iwájú rẹ̀ ni, eyín àfibọ̀, èyí tí ìyàwó rẹ̀ pàápàá rò pé wọ́n bí i mọ́ ọn ni.

“Kárọ́ọ̀tì ni mo ní kí ẹ tà fún mi,” ni obìnrin náà wí, “mi ò ra eyín.” Ó gbé báàgì rẹ̀.

Ìyá Oníkárọ́ọ̀tì ò rẹ́rìn-ín. “Irú omi wo lo lò? Pò ó kí n rí i.”

Ọwọ́ Irin pò ó, ó ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó ń wò wọ́n bí ẹni tó jókòó sínú ìbòòji. Ìyá Oníkárọ́ọ̀tì ki ìka kan bọ̀ ọ́, ó fò sókè, gèlè ṣubú.

“Omi tí wọ́n fi ń tu ìyẹ́ adìẹ lo pè ní omi tí ọwọ́ gbà?”

“Ọwọ́ tèmi kúkú gbà á, ẹ̀gbọ́n mi.”

Ẹ̀rín mú obìnrin ilé ìwé débi pé ó ní láti tún jókòó. Nígbà tó nu ojú tán, ó fún wọn di ọ̀sán ọjọ́ kejì. Ìyá Oníkárọ́ọ̀tì ra àpò ẹńsáìmù mìíràn, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi dán omi wò, kárọ́ọ̀tì sì wú nínú abọ́, ó rọ̀.

Ní báyìí, ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni kárọ́ọ̀tì ń lọ sílé ìwé. Wọn ò jẹ́ kí Ọwọ́ Irin sún mọ́ omi mọ́. Òun ló ń tọ́ kárọ́ọ̀tì wò kí wọ́n tó dì í: bí ẹnu tí kò ní eyín iwájú bá lè rún un, ọmọdé á rún un. Iṣẹ́ náà sì tẹ́ gbogbo ilé lọ́rùn, torí ẹni tó ń jẹun kì í sọ̀rọ̀.