Ìkà tí Wọ́n Gbà Lọ́wọ́ Jimoh

Ẹjọ́ kan dé ìga, ìyẹn ààfin, Olóyè Atúnlùúṣe ní Ìsàlẹ̀ Èkó lánàá, irú ẹjọ́ tí ènìyàn í gbọ́ tí yóò fi bi ara rẹ̀ léèrè bóyá òun ti jí lójú oorun. Jimoh ló pe ẹjọ́. Bí ẹ kò bá mọ Jimoh, a jẹ́ pé ẹ kì í wo eré ọdún Ìdúmàgbò nìyẹn. Láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ti dúdú títí ó fi hewú, òun ni òṣìkà inú eré náà. Òun ní í gba ilẹ̀ opó, òun ní í lé ọmọ òrukàn síta, òun náà ni wọ́n sì máa ń lù níkẹyìn. Nílé rẹ̀, adìẹ pàápàá kì í sá fún un. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ eré, ó di ẹni tí gbogbo ayé mọ̀.

Ó dọ̀bálẹ̀ níwájú Olóyè. Ó mọ̀ pé bí òun bá jẹ̀bi, òun kò tún ní jẹ́ ẹnì kankan mọ́ ní gbogbo àdúgbò.

"Olóyè, wọ́n ti gba ìkà lọ́wọ́ mi."

"Ta ló gbà á?"

"Alàgbà Ọláníyì ni, alága kọmití àṣà."

Alàgbà Ọláníyì, ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìntì, dìde, ó tún gíláàsì ojú rẹ̀ ṣe. Ó ti gbọ́ lórí rédíò pé ìjọba fẹ́ tún ìlànà àṣà orílẹ̀-èdè gbé yẹ̀wò. Kò dúró kí ìjọba bẹ̀rẹ̀, ó ti bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe tirẹ̀ láti Ìdúmàgbò.

"Kí fìlà pẹ́ lórí, kí bàtà pẹ́ lẹ́sẹ̀. Olóyè, àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Iṣẹ́ eré ni kó gbé orúkọ ìlú ga. Bí àlejò bá ti òkè òkun dé, tó rí Jimoh níbi tó ti ń gba ilẹ̀ opó, kí ni yóò rò?"

"Kí ni yóò rò?"

"Yóò rò pé wọ́n ń gba ilẹ̀ onílẹ̀ l'Ékòó!"

Àwọn ìjòyè tí ẹjọ́ ilẹ̀ wọn ṣì wà ní kóòtù bẹ̀rẹ̀ sí í wo òrùlé.

"Nítorí náà, mo yọ òṣìkà kúrò. Ẹni rere nìkan ló kù nínú eré wa."

"Ta ló wá ń bá àwọn ẹni rere jà?"

"Kò sí ìjà, Olóyè. Ìtẹ̀síwájú ni."

Jimoh pe ẹlẹ́rìí. Hàwáwù ni, tó ń ta ẹja gbígbẹ ní ọjà Sandgrouse.

"Bàbá, mi ò ní purọ́. Ọdọọdún ni mo máa ń lọ bú ọkùnrin yìí. Màá bú u, màá ju bàtà mọ́ ọn, màá tún bú ìyá ẹ̀ mọ́ ọn. Tí mo bá fi máa délé, ọkàn mi á ti balẹ̀. Dókítà gan-an ń bi mí pé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wo ni mò ń lò."

"Ọdún yìí ńkọ́?"

"Mi ò rí ẹni bú. Mo kàn gbé gbogbo ẹ̀ délé ni. Ṣùgbọ́n ilé wa tòrò o, ẹ bi ọkọ mi."

Bọ́lájí, ọkọ rẹ̀, dìde pẹ̀lú báńdéèjì lórí.

"Irọ́ ni, Bàbá! Nígbà tí ò sí òṣìkà mọ́, èmi ló kù. Mo ní kó fún mi lómi mu, ó ní èmi ni mo gba ilẹ̀ opó!"

"Opó wo?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n, Bàbá. Mi ò nílẹ̀. Rẹ́ǹtì ni mò ń san."

"Ẹ jọ ẹni tó lè gbà á!" ni Hàwáwù ké.

Àánú Bọ́lájí ṣe Jimoh gidigidi. Ìyà tó jẹ́ tirẹ̀ ni ẹlòmíràn ń jẹ yẹn.

Alága náà pe ẹlẹ́rìí tirẹ̀, Tìmílẹ́yìn, oníṣòwò aṣọ ní Ìdúmọ̀tà, tó jẹ́ ẹni rere nínú eré tuntun.

"Ṣé eré náà dùn?" ni Olóyè bi í.

"Ó dùn gan-an, Bàbá."

"Báwo ló ṣe parí?"

"A ò tíì parí ẹ̀."

"Ìgbà wo lẹ bẹ̀rẹ̀?"

"Sọ́ńdè tó kọjá."

Alàgbà Ọláníyì wúkọ́. "Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ṣì wà, Olóyè."

Olóyè ní kí wọ́n ṣe é lójú òun. Alága fúnra rẹ̀ di ẹni rere kejì, àwọn méjèèjì bá dúró síwájú ilẹ̀kùn yàrá ìgbàlejò.

"Ẹ káàbọ̀ sà. Ẹ máa wọlé."

"Rárá o, ẹ̀yin lẹ nilé. Ẹ ṣáájú."

"Ẹ̀yin lẹ dàgbà jù."

"Ẹ̀yin lẹ lọ́lá jù."

"Ká má rí i! Ta ni mo jẹ́ tí mo fi máa ṣáájú yín?"

Tìmílẹ́yìn dọ̀bálẹ̀. Alága kò gbà kí wọ́n fi ìwà rere ju òun lọ, lòun náà bá dọ̀bálẹ̀. Ọ̀rọ̀ wá di pé kò sẹ́ni tó lè kọ́kọ́ dìde, torí ẹni tó bá dìde ti yájú sí ẹnì kejì. Àwọn ìjòyè bẹ̀rẹ̀ sí í bá wọn dá sí i láti orí àga. "Ẹ jẹ́ kó wọlé!" "Kò dáa, àgbà ni!" Ìjòyè kan ti ń hanrun.

Jimoh fara dà á títí, kò ṣeé ṣe. Ìkà tó ti ń pa mọ́ra ru bò ó lójú. Ó fo àwọn méjèèjì dá, ó ti ilẹ̀kùn ṣí gbàgà, ó lọ jókòó sórí àga onílé, ó gbé ẹsẹ̀ lé tábìlì.

"Ta ló wà nínú ilé yìí? Ẹ gba oúnjẹ lọ́wọ́ ọmọ òrukàn yẹn, kí ẹ gbé e wá fún mi!"

Ìga dàrú. Ẹni tó ń hanrun ta jí. Hàwáwù ti bọ́ bàtà.

"Òṣìkà! Ọlọ́run á mú ẹ! Ìyá tó bí ẹ dà?"

Bàtà ba Jimoh léjìká, omijé ayọ̀ sì bọ́ lójú rẹ̀. Hàwáwù yíjú sí ọkọ rẹ̀, ohùn rẹ̀ ti tutù bí omi àmù.

"Olówó orí mi, ṣé ẹ ti jẹun?"

Bọ́lájí sáré lọ dì mọ́ Jimoh lẹ́sẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ronú pìwà dà láé!"

Olóyè nu omi ẹ̀rín kúrò lójú, ó tún fìlà funfun rẹ̀ dé.

"Ìlú tí kò bá rí ìkà wò lórí ìtàgé, inú ilé ara wọn ni wọn yóò ti máa wá a. Jimoh, gba ìkà rẹ. Alàgbà, ẹ jẹ̀bi. Lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ̀yin ni àbúrò òṣìkà. Ẹ ó bá a gba ilẹ̀ opó, wọn ó sì lù yín lójú gbogbo ènìyàn."

Alàgbà Ọláníyì kò tíì dìde nílẹ̀. "Olóyè, ẹ ṣàánú mi! N kò mọ ìwà ìkà hù. Ta ni yóò kọ́ mi?"

"Ọkùnrin yìí ti ń ṣe ìkà láti ọjọ́ pípẹ́ láìṣe ẹnikẹ́ni níbi. Ẹ jókòó nínú kọmití, ẹ gba iṣẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ ní ìlú lẹ̀ ń tún ṣe. Kí ló kù tí wọ́n fẹ́ kọ́ yín?"

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Jimoh sọ̀kalẹ̀ lórí àga, ó na ọwọ́ sí alága, ó rọra gbé e dìde.

"Sà, ẹ ti mọ̀ ọ́n tán. Ẹ̀rín òṣìkà nìkan ló kù tí màá kọ́ yín."