Akínlàjà Akọni Dé Akoto

Ẹ yàgò lọ́nà, ẹ̀yin adìyẹ Abà Kúsẹ̀ẹ́lá! Akínlàjà ń bọ̀, ọmọ Olúbọ́nà, ọmọ a-rìn-nínú-ẹrẹ̀-bí-ẹni-ń-jó, ọmọ baba tó lé ọ̀kẹ́rẹ́ lóko kòkó títí ọ̀kẹ́rẹ́ fi jókòó dè é, ọmọ ìdílé tí kì í forí bọ igbá láéláé. Èèwọ̀ wọn nìyẹn. Ẹ má bi mí nídìí. Bóyá bàbá ńlá wọn kan ló forí bọ igbá ògì tí kò rí i yọ.

Alùpùpù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tí ẹgbẹ́ àgbẹ̀ rà láti máa fi kó kòkó nínú ẹrẹ̀ ló dá ogun sílẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ ti sọ ọ́ di ẹṣin eré. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Kọ́láwọlé kó ọ̀rẹ́ mẹ́ta sẹ́yìn, ó sáré gun òkè, ẹ̀rọ dojú dé, orí rẹ̀ gbá òkúta. Ó ṣì wà ní ọsibítù, kò dá ìyá tó bí i mọ̀. Ìyẹn dùn mí, mi ò ní fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Ni Màmá Fúnmbi, alága ẹgbẹ́, bá so kọ́kọ́rọ́ mọ́ ìṣẹ́tí ìró: ẹni tí kò bá dé akoto tí ń dáàbò bo orí kò ní gùn ún mọ́.

Akoto kẹ̀? Akọni fò sẹ́yìn. Igbá ṣáà lakoto!

"Èèwọ̀ ilé wa ni, mà. Bí mo bá dé e, mo dáràn."

Bẹ́ẹ̀, bí kò bá dé e, orí náà ni yóò máa fi ru kòkó.

Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá rẹ̀, gba akoto, ó bu omi sí i. Omi gba ojú ihò atẹ́gùn, ó ń jò sí alága lẹ́sẹ̀.

"Igbá wo ló ń jò báyìí? Ajere ni, jàre! Ta ló sọ fún ẹ pé ilé wa ń kọ ajere? Dé e, kí n tó gbá ẹ lẹ́nu!"

Háà, ẹ wá wo ogun! Akínlàjà dijú, ó ki orí bọ ajere, omi ń ṣàn wọ̀ ọ́ lọ́rùn, ó fa okùn àgbọ̀n, ó dún pàkà! Ilẹ̀ kò mì, bàbá ńlá kankan kò jí. Ó gba kọ́kọ́rọ́, ó gun ẹ̀rọ, òun nìkan. Kò tíì jáde lójúde tó fi yíjú wo àwọn ọmọge, ni ẹ̀ka orógbó bá gbá a lórí, gbàgà! Ó ré lulẹ̀.

Gbogbo wa figbe ta. Akọni dìde, ó ń gbọn ẹrẹ̀ nù.

"Ìyá Àgbà, ẹ má bínú, ajere yín ti fọ́."

Arúgbó bú sí ijó, ó kéde fún ènìyàn, fún ewúrẹ́, fún gbogbo ayé:

"Kó fọ́! Kó rún! Ajere wà lọ́jà, orí ò sí lórí àtẹ!"