Ìdọ̀bálẹ̀ Mi Nílé Àna

Ọjọ́ Sátidé kan wà tí kò ní kúrò lọ́kàn mi títí n ó fi darúgbó.

Àwọn ọdún 1990 ti ń lọ sópin nígbà náà. Mo ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Ìyànà Ọ̀fà, mo ní ìwé ẹ̀rí yunifásítì, mo sì ní ẹ̀yìn tó ń dùn mí bí ẹni pé wọ́n kan ìṣó mọ́ ọn. Dókítà wo fọ́tò eegun mi, wọ́n ní ọ̀kan nínú àwọn tìmùtìmù tó wà láàárín eegun ẹ̀yìn mi ti gbẹ, ó ti sán. Ìsinmi àti oògùn ìrora ni wọ́n ní fún mi.

Ìsinmi kẹ̀? Bàbá Bísí, àfẹ́sọ́nà mi, àgbẹ̀ kòkó ni wọ́n lábúlé kan lẹ́yìn Lálùpọn. Nígbà àkọ́kọ́ tí mo lọ kí wọn, mi ò lè dọ̀bálẹ̀. Orí ni mo tẹ̀ ba díẹ̀. Wọ́n ní àwọn ò ní fọmọ fún ẹni tí ìwé kíkà ò jẹ́ kó lè fàyà kanlẹ̀. Mi ò sì lè sọ òótọ́. Ìdílé wo ló ń fọmọ fún ọkọ tí ẹ̀yìn ẹ̀ ti kú? Bísí bẹ̀ wọ́n títí, wọ́n ní kí n padà wá ní Sátidé, kí àwọn tún mi wò.

Mo ti kà nínú ìwé ìròyìn òkèèrè kan pé àwọn dókítà níbẹ̀ ń gba inú abẹ́rẹ́ ti wáyà tín-ín-rín wọnú tìmùtìmù náà, wọn á wá mú wáyà ọ̀hún gbóná díẹ̀díẹ̀. Wọn kì í la ẹ̀yìn rárá. Mo ronú bí ọ̀mọ̀wé: ṣebí ooru ni gbogbo rẹ̀? Ooru sì wà nílé mi. Láàárọ̀ Sátidé, mo fi aṣọ ìnura tútù wé áyọ́ọ̀nù tó ti gbóná, mo ní kí Láyí ọ̀rẹ́ mi gbé e lé ìbàdí mi.

"Ṣó ń ṣiṣẹ́?" Láyí bi mí.

"Má gbé e kúrò, ó ń wọlé."

Nígbà tó wọlé tán, igbe tí mo ké, àwọn aládùúgbò rò pé olè ni.

Èmi àti Láyí dé ilé àwọn òbí Bísí. Bàbá jókòó sórí àga, ìyá Bísí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn nínú aṣọ funfun ìjọ Aládùúrà. Mo nà gbọọrọ sórí ẹní.

"Ó tó, dìde," Bàbá wí.

Ẹ̀yìn mi ti gan. "Ẹ jẹ́ n ṣì wà níbí, sà."

Ojú Bàbá rọ̀. "Ẹ ò rí ìrẹ̀lẹ̀!"

Ìyá bẹ̀rẹ̀ àdúrà, wọ́n sì gbàdúrà náà dé orí àwọn ọmọ-ọmọ mi. Mò ń ṣàmín sínú ẹní. Nígbà tí wọ́n parí tí mi ò tíì dìde, Láyí fà mí lápá. Ẹ̀wù mi ká sókè.

"Jésù!" Ìyá ké. "Ta ló fi áyọ́ọ̀nù lọ ọmọ yìí?"

Láti ilẹ̀ ni mo ti ṣàlàyé abẹ́rẹ́ àti wáyà. Bàbá sún àga wọn mọ́ mi.

"Ṣé torí tèmi lo ṣe sun ara ẹ níná?"

Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

"O ò bá ti sọ. Èmi fúnra mi, ọdún kẹta rèé tí mi ò lè bẹ̀rẹ̀ ṣa kòkó nílẹ̀. Mi ò sọ fẹ́nì kan."

Ìyá yíjú sí wọn. "Bàbá Bísí! Ẹ mà ní ẹ kàn ń sinmi ni!"

Wọ́n fún mi ní Bísí lórí ìdùbúlẹ̀ mi níbẹ̀. Nígbà tí mo padà sọ́dọ̀ dókítà, wọ́n bá mi wí gidi: iná tó bó mi láwọ ò kan tìmùtìmù inú rárá. Gbogbo ìwé tí mo kà, ọ̀nà tí n ò fi ní sọ pé ẹ̀yìn ń dùn mí ni mo fi wá. Mo máa ń rẹ́rìn-ín bí mo bá rántí, àmọ́ díẹ̀díẹ̀ ni. Ẹ̀yìn mi ò gba ẹ̀rín púpọ̀.