Ife Mẹ́rìnlá Omi Ọsàn àti Ata Ilẹ̀ Pupa

Ẹjọ́ tó wọ ààfin lánàá, bùlẹ́ńdà ló kọ́kọ́ wọlé. Nọ́ọ̀sì, ìyàwó akunlé, gbé e mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ tí ara rẹ̀ ò yá, ó gbé e kalẹ̀ sórí tábìlì èmi akọ̀wé, lórí ìwé tí mò ń kọ lọ́wọ́. Mo ní kó gbé e kúrò. Ó ní òun ò gbé e kúrò, pé ẹlẹ́rìí òun ni. Mo sún ìwé mi. Ọdún kejìlélógún rèé tí mo ti ń kọ ẹjọ́ sílẹ̀ níbí, mi ò tíì rí obìnrin tínú ń bí tó gbé nǹkan kúrò lórí tábìlì mi.

Báálẹ̀ jókòó sórí àga rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Olóyè Àgbà wà lọ́tùn-ún, Olóyè Kékeré wà lósì. Gbogbo wa là ń fi ẹsẹ̀ pa èèrà. Láti bí ọ̀sẹ̀ méjì tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í kun gbọ̀ngàn ààfin yìí ní ọ̀tun ni èèrà ti bò wá, a ti ṣèpàdé mẹ́ta lórí rẹ̀, a ò sì mọ ibi tí wọ́n ti ń wá.

"Nọ́ọ̀sì, kí ló ṣẹlẹ̀?" Báálẹ̀ bi í.

"Kábíyèsí, ọkọ mi ni mo mú wá. Orúnkún ń dùn ún. Dókítà ní tí orúnkún yẹn ò bá sàn, kó má gun àkàbà mọ́. Akunlé tí ò lè gun àkàbà, kí ló kù tó fẹ́ kùn? Ẹsẹ̀ ògiri? Ni mo bá ní màá máa po omi èso fún un nílé láràárọ̀, èyí tó ń ṣe ara lóore."

"Kí ló ń wọ inú ẹ̀?" Olóyè Kékeré ló bèèrè. Kò sí ẹjọ́ oúnjẹ tí ọkùnrin yìí ń sùn níbẹ̀.

"Ọsàn mímu mẹ́ta, ẹ bó o, ẹ yọ kóró inú ẹ̀. Omi ọsàn wẹ́wẹ́ kan. Ata ilẹ̀ pupa tó gùn tó ìka kan, ẹ fi ṣíbí họ ara ẹ̀. Ata ilẹ̀ lásán díẹ̀ kó lè ta. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan kó lè ki. Oyin ṣíbí kan. Ata dúdú, ẹ kàn fi ìka méjì bù ú. Ẹ wá lọ gbogbo ẹ̀ pọ̀ títí tí ò fi ní ní kókó."

"Ṣé ẹ máa sẹ́ ẹ?"

"Ẹ sẹ́ ẹ kẹ̀? Háhá ẹ̀ yẹn gan-an ló ń ṣiṣẹ́!"

Mo kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, títí kan ata dúdú.

"Ọjọ́ mẹ́rìnlá, Kábíyèsí! Aago márùn-ún ni mò ń jí. Ẹ wo ọwọ́ mi." Ó na ọwọ́ síta. Ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá pọ́n bí ìyeyè. "Mo débi iṣẹ́, mátírọ́ọ̀nù rí ọwọ́ mi, ó ní ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ ló dé. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ mi. Wọ́n dá mi dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì tí mo fọwọ́ ara mi tẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn! Mo fara dà á. Mo ní ṣebí orúnkún ọkọ mi ló ń sàn. Kò sàn, ṣe ló ń le sí i. Lánàá ni mo ní kó yọ ahọ́n. Kábíyèsí, ahọ́n ẹ̀ mọ́ tónítóní! Ẹni tó mu ata ilẹ̀ pupa fún ọjọ́ mẹ́rìnlá, ahọ́n ẹ̀ ò lè mọ́ bẹ́ẹ̀. Ibo ni omi èso mi ń gbà lọ?"

Báálẹ̀ yíjú sí akunlé. "Agbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Baba Ọlọ́dà, ò ń mu ún àbí o ò mu ún?"

Baba Ọlọ́dà fi ọwọ́ ti orúnkún kó tó lè dìde. "Kábíyèsí, ẹ̀mí yín á gùn. Omi èso ìyàwó mi ò ṣòfò rí. Ẹ̀kán kan ò bọ́ sílẹ̀."

"Mo ní, ṣé o mu ún?"

"Ó dé ibi tó yẹ kó dé, Kábíyèsí."

"Ibo ló yẹ kó dé?"

"Ibi tó ti wúlò."

Mo ti gbọ́ irú ìdáhùn yìí rí. Ẹni tó bá ń dáhùn báyìí, nǹkan ń bẹ lábẹ́ aṣọ rẹ̀.

Ẹlẹ́rìí tirẹ̀ jáde. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ni, tó ń gbé lọ́dọ̀ wọn, tí gbogbo ilé ń pè ní Ìyá Àgbà. Màmá náà kò tilẹ̀ dúró kí wọ́n bi òun ní ìbéèrè.

"Mo fi ojú mi méjèèjì rí i! Ó gbé ife sẹ́nu, ó mu ún gbùdù-gbùdù, ó fi ọwọ́ nu ètè."

"Ẹ̀gbọ́n mi," Nọ́ọ̀sì kúnlẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀, "ẹ má bínú o. Fíláàsì ni mò ń bù ú sí fún un, kì í ṣe ife."

"Fíláàsì ni mo wí."

"Ife lẹ wí, mà."

"Ife orí fíláàsì! Ṣé fíláàsì tiyín ò ní ife lórí ni?"

"Àwọ̀ wo ni omi èso náà ní, mà?"

Màmá wo àbúrò rẹ̀. Àbúrò rẹ̀ wo ilẹ̀.

"Ó funfun," ni màmá wí. "Ó funfun báláú."

Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Baba Ọlọ́dà fi ọwọ́ bojú. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣeun, ẹ jókòó."

"Màmá," Báálẹ̀ wí, "ṣé ẹ rí i àbí ẹ ò rí i?"

"Kábíyèsí, ọmọ ìyá mi ni. Tí èmi ò bá rí i, ta ni ẹ fẹ́ kó bá a rí i?"

Wọ́n pe ẹlẹ́rìí kejì. Ọkùnrin gíga kan ni, Àkàbà ni orúkọ tí wọ́n ń pè é, òun àti Baba Ọlọ́dà ni wọ́n jọ kun gbọ̀ngàn tí a jókòó sí yìí. Ó wá láti gbe ọ̀gá rẹ̀. Ẹ gbọ́ bó ṣe gbè é.

"Kábíyèsí, ẹ máa pẹ́ fún wa. Irọ́ ni wọ́n ń pa mọ́ ọ̀gá mi. Kò sí omi èso kankan nínú fíláàsì yẹn. Ọ̀dà ló wà níbẹ̀."

Ikọ́ gbé Baba Ọlọ́dà.

"Ọ̀dà wo?" Olóyè Àgbà bi í.

"Ọ̀dà tá a fi kun ibí yìí ni, sà. Láràárọ̀ ló ń gbé e wá láti ilé. Ó ní àpòpọ̀ àṣírí ni, kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni. Ọ̀dà gidi ni, Kábíyèsí, ó tiẹ̀ ń ta sánsán. Mo bi í pé irú ọ̀dà wo ló ń rùn bí ọsàn, ó ní ti òkè òkun máa ń rí bẹ́ẹ̀."

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Nọ́ọ̀sì, tí kò tíì wọ gbọ̀ngàn náà rí láti ìgbà tí wọ́n ti ń kùn ún, ti dìde. Ó rìn lọ síbi ògiri, ó gbé imú lé e.

"Ọsàn mímu." Ó sún díẹ̀. "Ọsàn wẹ́wẹ́." Ó fi èékánná ha ògiri, ó gbé e sẹ́nu. "Ata ilẹ̀ pupa. Oyin. Hẹ̀n-ẹ́n! Ata dúdú tí mo fọwọ́ mi gún!"

Ọ̀wọ́ èèrà kan gba ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ kọjá, wọn ò tilẹ̀ kánjú. A wo èèrà. A wo ògiri. Olóyè Àgbà, tó ti ṣe alága ìpàdé èèrà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, di ojú.

Báálẹ̀ rọra sọ̀rọ̀. "Baba Ọlọ́dà. O fi oúnjẹ kun ààfin mi."

"Kábíyèsí, ẹ jẹ́ ká fi sùúrù wò ó. Ìyàwó àwọn ọkùnrin yòókù á se nǹkan, wọ́n á gbé e mì, ó parí. Ta ló tún rí i? Èmi gbé iṣẹ́ ọwọ́ ìyàwó mi síta kí gbogbo ìlú lè máa wò ó! Ọkọ wo ló tún pọ́n ìyàwó ẹ̀ lé tó bẹ́ẹ̀?"

"Orúnkún rẹ ńkọ́?"

"Orúnkún kan ló ń dun èmi, Kábíyèsí. Ògiri mẹ́rin ló ń dun ẹ̀yin."

Olóyè Kékeré fẹ́ rẹ́rìn-ín, Báálẹ̀ wò ó, ó gbé ẹ̀rín náà mì.

"Sọ òótọ́," Báálẹ̀ wí, "kí n tó ní kí wọ́n gba búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ rẹ."

Ohùn Baba Ọlọ́dà wá lọ sílẹ̀.

"Ẹ ní ẹ fẹ́ àwọ̀ oòrùn àárọ̀. Mo po àkọ́kọ́, ẹ ní ó dà bí ìgbẹ́ ọmọ. Mo po èkejì, ẹ ní ó ń ta yín lójú. Ẹ ní tí ẹ̀kẹta ò bá dáa, ẹ ó wá akunlé tó lè gun àkàbà láì dúró mí. Ẹ sọ bẹ́ẹ̀, Kábíyèsí. Lọ́jọ́ kejì, ìyàwó mi gbé fíláàsì fún mi. Mo débi iṣẹ́, mo ṣí i, oòrùn àárọ̀ gan-an ló wà níbẹ̀! Ẹ sì mọ àwa, akunlé ò lè rí àwọ̀ kó má dán an wò lára ògiri. Mo ti búrọ́ọ̀ṣì bọ̀ ọ́. Ó dáa. Mo fi sítáàṣì sí i kó lè lẹ̀. Ẹ kọjá, ẹ ní, 'Ẹ̀n-ẹ́n, òun nìyí!' Mo ní ti ọ̀la ni màá mu. Ọ̀la dé, ògiri ò tíì tán."

"Gbogbo ìyẹn ni mo gbọ́," Nọ́ọ̀sì wí. Kò pariwo mọ́. "Ṣùgbọ́n ò ń wò mí lójú láràárọ̀, Baba wọn. Ò ń sọ pé, 'O ṣeun, Ìyá wọn, ó ti ń fúyẹ́.' Mo sì ń yọ̀. Mo ń sọ fún àwọn aláìsàn mi pé ọkọ mi ń gbádùn. Ó dùn mí. Ó dùn mí ju abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi fa ẹ̀jẹ̀ mi lọ. Tó bá jẹ́ ògiri ni mò ń tọ́jú, kí n kúkú kó ẹrù mi lọ sọ́dọ̀ àbúrò mi."

Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín. Èmi náà, tí ọ̀rọ̀ ilé onílé kì í kàn, mo gbé bírò sílẹ̀.

"Má lọ," Baba Ọlọ́dà wí. "Ẹ̀rù ló bà mí. Tí wọ́n bá gba iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ mi, kò sẹ́ni tó máa pè mí mọ́. Mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ sọ ọ́ fún ẹ."

Báálẹ̀ àti àwọn olóyè forí korí. Ohun tí mo gbọ́ nínú ọ̀rọ̀ wọn ni Olóyè Kékeré tó ń bèèrè bóyá oyin ṣíbí kan tó. Nígbà tó yá, Báálẹ̀ gbé orí sókè.

"Ẹ gbọ́ ìdájọ́. Láti ọ̀la, Baba Ọlọ́dà, ìwọ ni wàá máa jí láago márùn-ún. Ìwọ ni wàá bó ọsàn, ìwọ ni wàá họ ata ilẹ̀, kí ìka tìẹ náà pọ́n. Nọ́ọ̀sì á jókòó, á gbé ẹsẹ̀ sórí àpótí. Ife méjì ni wàá pò, ọ̀kan fún un, ọ̀kan fún ẹ, wàá sì mu tìẹ tán lójú ẹ̀. Lẹ́yìn náà, wàá wá síbí, wàá yọ ahọ́n fún akọ̀wé. Ọjọ́ mẹ́rìnlá."

"Fún èmi, Kábíyèsí?" mo bèèrè.

"Fún ìwọ. Kọ ọ́ sílẹ̀. Màmá tí wọ́n rí ohun tí wọn ò rí, àwọn ni wọ́n á máa fọ bùlẹ́ńdà, kí wọ́n lè mọ àwọ̀ ohun tó ń jáde nínú ẹ̀. Àkàbà á fọ òkè ògiri, ọ̀gá ẹ̀ á fọ ìsàlẹ̀, kí èèrà lè lọ. Tó bá gbẹ, ẹ wá fi ọ̀dà gidi kùn ún ní àwọ̀ yìí kan náà. Kò sẹ́ni tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ fọ gbogbo ẹ̀, àfi ibí yìí." Ó fi ọwọ́ kan ògiri tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga rẹ̀.

"Kí ló dé tá ò ní fọ ibẹ̀?" Olóyè Àgbà bi í.

Olóyè Kékeré dìde, ó lọ fi ojú kan ibẹ̀. Ojú ibì kan tó tó àtẹ́lẹwọ́ ti funfun lára ògiri náà, ní ọ̀gangan ẹnu ẹni tó bá jókòó.

"Kábíyèsí, ó dà bíi pé wọ́n ń lá ibẹ̀."

"Èèrà ni."

"Èèrà wo ló ní ahọ́n tó fẹ̀ báyìí?"

"Mo ní èèrà ni! Akọ̀wé, má kọ ìyẹn."

Mo ti kọ ọ́.

"Kábíyèsí," Nọ́ọ̀sì kúnlẹ̀, ohùn rẹ̀ tutù bí ìgbà tó bá ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀, "ẹ dákun, ẹ yọ ahọ́n."

Báálẹ̀ pa ẹnu dé. Láàárín eyín ló ti sọ ìyókù ìdájọ́ náà. "Tí Baba Ọlọ́dà bá tún da ife kan nù, òun gan-an la máa kùn, látorí dé àtẹ́lẹsẹ̀, á sì dúró síbí pẹ̀lú èèrà títí á fi gbẹ. Ẹ máa lọ ilé yín."

Láàárọ̀ òní, n kò tíì jókòó tán nígbà tí Baba Ọlọ́dà wọlé. Mo mú gíláàsì ojú mi wọ̀, mo ní kó yọ ahọ́n. Kò yọ ọ́.

"Akọ̀wé, ó dùn!"

"Kí ló dùn?"

"Omi èso náà! Ọjọ́ mẹ́rìnlá, mi ò tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀kan. Ohun tó dùn báyìí ni mo lọ ń fún ògiri!"

Nọ́ọ̀sì dúró lẹ́nu ọ̀nà, báàgì iṣẹ́ rẹ̀ ló gbé dání, kì í ṣe ti ìrìnàjò. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Baba Ọlọ́dà wá yọ ahọ́n níkẹyìn, mo sì kọ ọ́ sínú ìwé bó ṣe yẹ: ahọ́n pọ́n, ìka pọ́n, ìyàwó ń rẹ́rìn-ín. Ó ku ọjọ́ mẹ́tàlá.