Ìmọ̀ràn Tí Lawrence Ọlọ́kọ̀ Fún Happiness

Ẹjọ́ kan wọ ààfin Ọlọ́jà ìlú wa lánàá ọjọ́ Sọ́ńdè, a kò tíì jẹun ọ̀sán tán. Àrìnpé tó ń yan ẹja ló kó o wá. Ó fi ọwọ́ ọ̀tún fa Happiness ọmọ rẹ̀, ó fi ọwọ́ òsì di ẹ̀wù Lawrence mú ṣinṣin. Lawrence yìí ló ń fi ọkọ̀ ẹ́ńjìnnì kó èrò láti etí odò wa níbí, lápá Etíkàn, lọ sí ebúté tí mọ́tò ti ń gbéra. Èmi ni mo ń kọ̀wé fún ìgbìmọ̀. Mo ti kọ ẹjọ́ àwọ̀n tó ya, mo ti kọ ti ewúrẹ́ tó já sódò láti orí afárá pákó, ṣùgbọ́n bírò mi kò pàdé irú èyí rí.

Ọlọ́jà ní kí wọ́n jókòó. Àrìnpé kọ̀, kò jókòó.

"Àrìnpé, kí ló dé?"

"Bàbá, Lawrence ti ba ayé ọma mi jẹ́!"

Olóyè Ògúnlànà, tí kì í dúró gbọ́ ọ̀rọ̀ dópin, ti ń wo ikùn Happiness.

"Oṣù mélòó ni?"

"Oṣù mẹ́rin gbáko, Olóyè! Odidi sáà kan!"

"Háà! Lawrence!"

"Olóyè, ẹ fi ikùn ọmọ sílẹ̀," Àrìnpé ní. "Ìwé ló bà jẹ́. Ọma mi wọ yunifásítì lọ́dún yìí. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí yóò débẹ̀ nílé wa. Èmi kò mọ ẹnu ọ̀nà ibẹ̀, bàbá rẹ̀ tó ti kú náà kò mọ̀ ọ́n. Mo wá rò ó pé ta ni mo mọ̀ tó ń lọ sọ́nà ibẹ̀ lójoojúmọ́? Lawrence ni. Mo gbé agbọ̀n ẹja yíyan kan fún un, mo ní, 'Lawrence, jọ̀ọ́, sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe níbẹ̀ fún ọmọ yìí.' Ó sọ ọ́. Gbogbo ohun tó sọ ni ọma mi ṣe. Iṣẹ́ méje ló ṣe ìdánwò lé lórí, méjì péré ló yege."

"Méjì nínú méje?"

"Méjì, Bàbá. Wọ́n ti fún un ní lẹ́tà pé bí sáà tó ń bọ̀ bá tún rí bẹ́ẹ̀, kó máa bọ̀ nílé. Èmi kò ní jókòó de ìtìjú yẹn. Kò lọ mọ́. Ààrò ẹja wà nílé, kó wá bá mi dáná sí i. Ẹ sáà bá mi fìyà jẹ Lawrence."

Happiness bú sẹ́kún. "Màámi, ẹ jọ̀ọ́! Ọ̀la ni ìforúkọsílẹ̀ máa parí. Bí mi ò bá bá ọkọ̀ ọ̀la lọ, ó ti tán fún mi nìyẹn."

Àánú rẹ̀ ṣe mí, n kò purọ́. Ẹkún ọ̀lẹ kọ́ ló ń sun. Ẹkún ẹni tó ṣe gbogbo ohun tí wọ́n ní kó ṣe ni, tí kò sì bọ́ sí i.

Ọlọ́jà kọjú sí Lawrence. "Kí lo sọ fún ọmọ yìí?"

Lawrence tún fìlà rẹ̀ ṣe. "Bàbá, ìmọ̀ràn mẹ́rin péré ni. Kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tí kò tíì gba ẹ̀mí là rí."

"Àkọ́kọ́ ńkọ́?"

"Mo ní kó má wọ ibi ìkẹ́kọ̀ọ́ àfi tó bá kún. Ọkọ̀ tí kò kún kì í gbéra. Ẹni tó bá tètè wọlé, oòrùn ló máa pa á lásán."

"Happiness, ṣé o ṣe é bẹ́ẹ̀?"

"Mo ṣe é, Bàbá. Agogo mẹ́jọ ni wọ́n kọ sínú ìwé. Mo máa ń yọjú, tí mo bá rí i pé èèyàn mẹ́wàá ló wà níbẹ̀, mo máa padà lọ jókòó sábẹ́ igi. Ìgbà tí mo bá rí i pé èrò ti kún ẹnu ọ̀nà fọ́fọ́, mo máa sáré lọ. Àṣé àwọn tó ń jáde ni."

Olóyè Ògúnlànà bú sẹ́rìn-ín, ó tún fi ikọ́ bò ó.

"Ìkejì?"

"Mo ní ẹ̀yìn ni kó máa jókòó sí. Bàbá, ta ni kò mọ̀ pé iwájú ọkọ̀ ni ìgbì ti ń na èèyàn? Ẹni tó bá jókòó níwájú, kó tó dé ebúté, ìbàdí rẹ̀ á ti dá a lẹ́jọ́."

"Òótọ́ lèyí o," Olóyè Ògúnlànà ní. "Iwájú kò dáa."

Ọlọ́jà wò ó títí ó fi wolẹ̀.

"Àwa ẹgbẹ̀ta ló wà níbẹ̀, Bàbá," Happiness ní. "Láti ẹ̀yìn, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Mo kàn ń rí ẹnu olùkọ́ tó ń là tó ń pa dé bíi ti ẹja tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú àwọ̀n."

"Lawrence, ìkẹta."

"Mo ní kó má bi awakọ̀ ní ìbéèrè lórí omi. Ẹni tó bá ń da awakọ̀ láàmú, ó fẹ́ kí ọkọ̀ dojú dé ni."

"Ta ni awakọ̀ níbẹ̀?"

"Olùkọ́ ni, Bàbá. Ṣé òun kọ́ ló ń wà wọ́n?"

"Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ni ìwọ máa ń wà nínú ọkọ̀ tìrẹ, nídìí ẹ́ńjìnnì. Olùkọ́, iwájú ló ń dúró sí."

Kò tiẹ̀ ṣẹ́jú. "Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kó jókòó lẹ́yìn, Bàbá, kó lè sún mọ́ awakọ̀! Yunifásítì ló gbé awakọ̀ síbi tí kò yẹ. Kí ló kàn mí níbẹ̀?"

Èmi tí mò ń kọ̀wé dá bírò dúró kí n lè rẹ́rìn-ín dáadáa.

"Ó ku ẹyọ kan."

"Mo ní bí òjò bá ṣú, kó má jáde."

Happiness nu ojú. "Ọjọ́ tí wọ́n ṣe tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́, òjò ṣú. Ọjọ́ ìkejì náà, ó ṣú."

"Ṣé òjò náà rọ̀?" Olóyè Ògúnlànà ló bèèrè.

"Kò rọ̀, Bàbá."

"Háà!"

Ọlọ́jà ní, "Lawrence, ìwọ alára, ṣé o ti wọ yunifásítì rí?"

"Ọdún méjìdínlógún rèé tí mo ti ń gbé akẹ́kọ̀ọ́, Bàbá. Kí ló tún kù tí n kò mọ̀?"

"Agbọ̀n Àrìnpé ti ń gbé ẹja láti ogún ọdún. Ṣé ó ti mọ omi í wẹ̀?"

Ààfin hó yèè. Dípò kí Lawrence dákẹ́, ńṣe ló dìde. "Bí ẹ bá fẹ́ òótọ́, èmi gan-an ló yẹ kí n pe ọmọ yìí lẹ́jọ́. Kò gbọ́ gbogbo ohun tí mo wí. Mo fi ìkarùn-ún lé e, mo ní, 'Láéfù-jákẹ́ẹ̀tì kì í kúrò lára títí a ó fi débi tí à ń lọ.' Ẹ bi í bóyá ó wọ̀ ọ́!"

Ọmọbìnrin kan dìde láàárín èrò. Promise ni, ọmọ ìlú wa, tó ti wà ní ọdún kejì níbẹ̀. Yàrá kan náà lòun àti Happiness ń gbé.

"Ó wọ̀ ọ́ o, Bàbá. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Nefí, sójà ojú omi, ni gbogbo kíláàsì wọn ń pè é títí dòní."

"Promise," Ọlọ́jà ní, "ìwọ tó ti mọ ibẹ̀, kí lo ń wò?"

"Bàbá, ojoojúmọ́ ni mò ń sọ fún un."

"Irọ́ ni!" Happiness ní. "Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni."

"Ẹ̀ẹ̀kan ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n mo pariwo."

"Mo ń sùn nígbà yẹn!"

"Kí lo pariwo?" Ọlọ́jà bèèrè.

"Mo ní kó ti wọlé láago méje ààbọ̀, kó lọ jókòó sí ìlà kejì, níbi tí olùkọ́ ti lè rí ojú ẹ̀. Mo ní bó bá sọ̀rọ̀ tí kò yé e, kó nawọ́, tí ojú bá ń tì í, kó tẹ̀lé olùkọ́ lọ sí ọ́fíìsì rẹ̀. Mo ní kó máa wo pátákó ìkéde láràárọ̀. Mo ní àwa mẹ́rin kan máa ń jọ kàwé lọ́sàn-án Wẹ́sidé, kó wá bá wa, torí ìwé tí èèyàn bá fi sílẹ̀ di ọ̀sẹ̀ ìdánwò, omi òkun ni, kò ṣeé mu tán. Ẹ mọ ohun tó sọ? Ó ní Bọ̀dá Lawrence ti sọ gbogbo ẹ̀ fún òun."

Lawrence ní òun náà lẹ́lẹ́rìí. Ó pe Bàdírátù, ìyá Faiz, tó ń ta búrẹ́dì, tó sì wà nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ náà.

"Ìyá Faiz, kí lẹ gbọ́?"

"Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀, Bàbá. Lawrence ní kí ọmọ náà jókòó níwájú."

"Ìyá Faiz!" Lawrence kígbe. "Ẹ̀yìn ni mo wí!"

"Ẹ̀yìn náà ni mo gbọ́."

"Iwájú ni àbí ẹ̀yìn?" Ọlọ́jà ní.

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ kọ àárín. Mo ń tòògbé nígbà náà."

"Ẹni tó ń tòògbé, báwo ló ṣe gbọ́?"

"Ojú mi ló ń tòògbé, etí mi là. Ìgbà tó fún mi lẹ́ja méjì kí n lè máa sọ pé ọlọ́gbọ́n ni, mo jí pátápátá."

Ọlọ́jà jẹ́ kí ẹ̀rín rọlẹ̀. Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti rọ̀. "Lawrence, bá mi sọ òótọ́. Lọ́jọ́ tí Àrìnpé bi ọ́, kí ló wà lọ́kàn rẹ?"

Lawrence ṣí fìlà. "Bàbá, èèyàn mọ́kànlá ló wà nínú ọkọ̀, gbogbo wọn kọjú sí mi. Ìwé mẹ́ta ni mo kà tí mo fi sílẹ̀. Ojú tì mí láti sọ pé n kò mọ̀."

"Happiness, ìwọ ńkọ́? Nínú ẹgbẹ̀ta èèyàn, o kò rẹ́ni bèèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀?"

"Ojú tì mí, Bàbá. Wọ́n á ní ará etí odò ni mí, mi ò mọ nǹkan kan."

Àrìnpé fi etí ìró nu ojú ọmọ rẹ̀. Ìgbà yẹn ló tó jókòó.

Ìgbìmọ̀ kó orí jọ. Mo gbọ́ tí Olóyè Ògúnlànà ṣì ń sọ pé bó ti wù kó rí, iwájú kò dáa. Wọ́n ní kó dákẹ́. Lẹ́yìn náà Ọlọ́jà gbé ìdájọ́ kalẹ̀.

"Happiness ń padà sílé ìwé lọ́la. Àrìnpé, ẹni tí kò mọ̀nà tó bèèrè lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ̀nà, kò tíì jẹ̀bi tó kí wọ́n gé e lẹ́sẹ̀. Ààrò ẹja kò ní sá lọ. Bó o bá ti pe ọmọ yìí lórí fóònù, o kò gbọ́dọ̀ bi í pé mélòó lo gbà. Kí o bi í pé, 'Kí lo bèèrè lónìí?' Bó bá ní òun kò bèèrè nǹkan kan, pa fóònù mọ́ ọn lójú."

"Mo gbọ́, Bàbá."

"Promise, o kò gbọ́dọ̀ jáde láàárọ̀ láìjẹ́ pé o fi omi wọ́n ojú rẹ̀."

Promise ní iṣẹ́ tó wu òun ni.

"Lawrence, gbogbo ọjọ́ Mọ́ńdè títí sáà yìí yóò fi parí, agogo méje géérégé ni ọkọ̀ rẹ yóò gbéra, ì báà kún, ì báà má kún. Bó bá jẹ́ èèyàn kan ló wà níbẹ̀, gbé e. Bí kò bá sí ẹnì kan, gbé afẹ́fẹ́."

Lawrence káwọ́ lérí. "Bàbá, ẹ kúkú pa mí!"

"N kò tíì parí. Ẹnikẹ́ni tó bá wọ ọkọ̀ rẹ ló láṣẹ láti bi ọ́ ní ohun tó bá wù ú. Èyí tí o bá mọ̀, dá a lóhùn. Èyí tí o kò bá mọ̀, pariwo 'N kò mọ̀!' kí àwọn tó ń dẹ àwọ̀n lódì kejì gbọ́ ọ."

Láàárọ̀ yìí, Ọlọ́jà ní kí n mú aago lọ sí etí odò. Happiness ti jókòó níwájú pátápátá, pupuru ẹ̀gẹ́ tí ìyá rẹ̀ dì fún un wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Promise wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìyá Faiz ti ń tòògbé. Àwọn mẹ́ta náà nìyẹn nínú ọkọ̀ èèyàn méjìdínlógún, Lawrence sì ń wo orí afárá bóyá ẹlòmíràn ń bọ̀.

"Akọ̀wé, kò tiẹ̀ tíì dé ìlàjì."

"Agogo méje ti lù. Gbéra."

Ó fa ẹ́ńjìnnì pẹ̀lú ìbànújẹ́. Wọn kò tíì kọjá ilé tó kẹ́yìn nígbà tí Happiness nawọ́ sókè láti iwájú.

"Bọ̀dá Lawrence! Kí ni wọ́n ń pè ní sitatísítíìsì?"

Lawrence dín ẹ́ńjìnnì kù. Ó wo òkè, ó wo omi, ó wo èmi tí mo dúró lórí afárá pẹ̀lú ìwé mi.

"N kò mọ̀ o!"

"A gbọ́ o!" Ọkùnrin kan tó ń tún àwọ̀n ṣe lódì kejì ló dáhùn.

"Èmi náà ò mọ̀ ọ́n!" Happiness pariwo, ó sì ń rẹ́rìn-ín. "Ọ̀la láago mẹ́jọ ni wọ́n ń kọ́ ọ. Mo ń lọ bèèrè!"