Ẹni Tó Gun Igi Létí Adágún Erinmi

Gbogbo yín lẹ ti gbọ́ ọ, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mejì, pé ohun tí àgbà bá rí lórí ìjókòó, bí ọmọdé gun orí igi, kò lè rí i. Ẹ ti fi bá ọmọ yín wí, wọ́n sì ti fi bá ẹ̀yin náà wí rí. Ó dáa. Ṣùgbọ́n ta ló mọ ọmọdé tó gun igi náà nínú yín? Ta ló mọ irú igi tó jẹ́, àti ohun tó ń wá lókè? Mo mọ̀ pé ẹnì kan fẹ́ dìde báyìí, kó ní òwe náà ti wà kí wọ́n tó bí bàbá-ńlá òun. Kí onítọ̀hún jọ̀ọ́ padà jókòó. Kò sí níbẹ̀. Èmi náà ò sí níbẹ̀, àmọ́ mo bá ẹni tó di àkàbà mú sọ̀rọ̀.

Ọmọdé yẹn, ọmọ ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta ni. Fọlárànmí lorúkọ rẹ̀, igbákejì ọ̀gá iléèwé girama kan ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Ó ti hu ewú nírùngbọ̀n, ó sì ní ìyàwó àti ọmọ méjì. Ṣùgbọ́n ẹni tí ìyá rẹ̀ bá ṣì ń pè ní Àkànní láàárín ilé, ẹ má jẹ́ ká tan ara wa jẹ, ọmọdé ni.

Ohun tí Fọlárànmí fẹ́ràn jù láyé ni ètò. Bó bá fẹ́ lọ gẹrun, yóò kọ́kọ́ kọ aago tí yóò jáde sílẹ̀ àti aago tí yóò wọlé. Nítorí náà, nígbà tó gbọ́ pé wọ́n ti ṣí ọgbà ńlá kan létí ọ̀sà, níbi tí ẹran igbó àti ẹja òkun jọ wà, tó sì ṣèlérí fún àwọn ọmọ rẹ̀ pé òun yóò mú wọn lọ lọ́jọ́ Sátidé, odindi ọ̀sẹ̀ kan ló fi jókòó ti ìwé. Ó lẹ ètò náà mọ́ ara fíríìjì. Aago márùn-ún ààbọ̀, gbogbo èèyàn yóò ti wà nínú ọkọ̀. Kìnnìún, ogún ìṣẹ́jú. Àgùnfọn, ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ìtọ̀, ìṣẹ́jú mẹ́ta, kí gbogbo ilé tọ̀ ọ́ pa pọ̀. Nísàlẹ̀ pátápátá ló kọ ọ́ sí pé: Màmá, kí wọ́n sinmi nílé.

Ìyá rẹ̀, Màmá Sẹ̀gilọlá, ti pé ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin. Adìyẹ ni wọ́n fi àádọ́ta ọdún sìn. Eékún ń dùn wọ́n, àmọ́ ojú wọn mọ́lẹ̀ dáadáa. Wọ́n wá mu omi lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè, wọ́n ka ètò náà láti òkè délẹ̀, wọ́n sì ti fíríìjì. Ìgbà tí ọmọ wọn jẹun alẹ́ tán ni wọ́n tó bi í léèrè.

“Àkànní, ta ló sọ fún ọ pé ó rẹ̀ mí?”

Fọlárànmí ṣàlàyé. Ó ní ọgbà náà fẹ̀, ìrìn ibẹ̀ pọ̀, eékún ò ní gbà. Màmá fèsì pé gbogbo ẹran ìgbẹ́ tí òun ti rí láyé òun, bí kò bá máa sá lọ, inú ìkòkò ló wà. Ó wu òun kí òun rí ọ̀kan tó fara balẹ̀. Òun ò ní kí ẹnikẹ́ni pọn òun. Kí wọ́n ṣáà ti wá ibì kan tí òun yóò jókòó sí. Ni Mọ́rẹ̀nikẹ́, ìyàwó Fọlárànmí, bá sọ láti ìdí àwo tó ń fọ̀ pé bó bá jẹ́ pé ìsinmi ló kàn, òun náà yóò bá Màmá sinmi nílé, kí baálé ilé máa kó àwọn ọmọ lọ, kó sì se oúnjẹ tí wọn yóò jẹ lọ́nà. Lójú ẹsẹ̀ ni Fọlárànmí mú bírò. Ó fagi lé ìsinmi, ó kọ ìjókòó sí i.

Nǹkan kan wà nínú ètò náà tó ju gbogbo ìyókù lọ. Erinmi kan bímọ nínú ọgbà yẹn ní oṣù tó ṣáájú, látìgbà náà kò sí àlejò kankan tó tíì fojú kan ọmọ rẹ̀. Àwọn alákòóso kéde lórí rédíò pé ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i, tó sì fi han òṣìṣẹ́ wọn, òun ni yóò sọ ọ́ lórúkọ, òun àti ará ilé rẹ̀ yóò sì máa wọ ọgbà náà lọ́fẹ̀ẹ́ fún ọdún kan gbáko. Wákàtí kan ni Fọlárànmí yà sọ́tọ̀ fún èyí. Ó tilẹ̀ ti mú orúkọ sílẹ̀: Fọlárànmí Kékeré. Àjíkẹ́, àkọ́bí rẹ̀ obìnrin tó jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá, bi í pé bí erinmi náà bá jẹ́ obìnrin ńkọ́. Bàbá rẹ̀ ní kò sí èyí nínú ètò.

Lọ́jọ́ Sátidé, ẹsẹ̀ bàtà kan sọ nù. Ti Láníyì ni, àbúrò Àjíkẹ́, ọmọ ọdún mẹ́jọ. Kí wọ́n tó rí i lábẹ́ àga, aago méje ti lù. Fọlárànmí wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó ní kò burú, àwọn yóò sáré gba àsìkò tó lọ náà padà tí àwọn bá débẹ̀.

Bí wọ́n ṣe dé ọgbà, ó wá bẹ́ǹṣì kan lábẹ́ igi òdán létí adágún erinmi, ó mú Màmá jókòó, ó gbé kúlà oúnjẹ tì wọ́n, ó ní kí wọ́n má kúrò níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló kó ìyàwó àti ọmọ, wọ́n bẹ́ sáré.

Wọ́n sáré dé ọ̀dọ̀ kìnnìún. Èrò ti kún bo ọgbà onírin náà. Láníyì gun èjìká bàbá rẹ̀, ó rí ìrù. Ogún ìṣẹ́jú pé, wọ́n sáré kúrò. Wọ́n dé ọ̀dọ̀ òjòlá, òjòlá ti wọ ihò. Wọ́n dé ilé onígíláàsì tí ẹja ekurá wà, èyí tó máa ń gé èèyàn jẹ nínú òkun, wọ́n bá àwọn òṣìṣẹ́ tó ń fi ọṣẹ fọ gíláàsì náà. Ìfófòó funfun ni wọ́n wò títí ìṣẹ́jú wọn fi pé. Nígbà tí wọ́n fi máa dé ọ̀dọ̀ àgùnfọn, wọ́n sọ fún wọn pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú un jáde lọ gba abẹ́rẹ́ ni.

Ọ̀nà ibi abẹ́rẹ́ náà, iwájú bẹ́ǹṣì Màmá ló gbà kọjá. Àgùnfọn dúró, ó na ọrùn sókè orí Màmá, ó já ewé òdán jẹ tẹ́rùn, Màmá sì ń wò ó bí ẹni ń wo ọmọ tó ń jẹun dáadáa. Kò pẹ́, ọ̀kín kan rìn dé, ó tẹ́ ìrù rẹ̀ sílẹ̀ kalẹ̀ níwájú wọn. Lẹ́yìn èyí làwọn ọkùnrin mẹ́rin gbé ìjàpá òkun ńlá kan lórí pákó, wọ́n ń gbé e lọ síbi omi mìíràn. Ó wúwo, wọ́n bá sọ ọ́ kalẹ̀ kí wọ́n fi sinmi. Màmá fún wọn lómi mu, Màmá sì béèrè ọjọ́ orí ìjàpá náà. Àwọn ọkùnrin náà ní àwọn rò pé yóò ti tó ọgọ́rin ọdún. Màmá ṣírò rẹ̀, wọ́n rí i pé ìjàpá náà fi ọdún méjì ju àwọn lọ. Màmá tẹrí ba díẹ̀ fún un, wọ́n ní, “Ẹ kú àgbà o.”

Nígbà tí àwọn tó lọ sáré padà dé lọ́sàn-án, òógùn bò wọ́n, àwọn ọmọ sì ń ka gbogbo ohun tí wọn ò rí. Màmá sọ ohun tí àwọn rí fún wọn, ti ọ̀kín, ti àgùnfọn, títí kan àgbà tí àwọn kí. Fọlárànmí wo ìyàwó rẹ̀. Ó rọra bu omi tútù, ó ní kí Màmá mu ún, oòrùn ti mú jù.

Wákàtí erinmi wá tó. Afárá pákó kan gba orí igun adágún náà kọjá. Èrò tó wà lórí rẹ̀ yóò tó ọgọ́rùn-ún, gbogbo wọn na ọrùn síhà òdìkejì, níbi tí eèsún ti hù, nítorí ibẹ̀ ni ìyá erinmi kọjú sí láti àárọ̀ láìmi. Fọlárànmí wọ àárín wọn, ó tiro, kò rí nǹkan kan. Màmá pè é láti orí bẹ́ǹṣì.

“Àkànní, ọmọ yẹn ò sí lọ́hùn-ún.”

“Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká pọkàn pọ̀.”

 Ó pẹ́ díẹ̀, Màmá tún pè é, ó nawọ́ sí wọn pé òun ń bọ̀. Nígbà tó wo aago, ogún ìṣẹ́jú ló kù. Ó padà sábẹ́ igi òdán, ó gbójú sókè. Ẹ̀ka kan wà lókè tó na ara rẹ̀ sórí omi. Pátákó kan wà nídìí igi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé ẹ má gun igi. Ọkùnrin yìí, tó ti na ìdajì àwọn ọ̀dọ́ Ìjẹ̀bú-Igbó nítorí igi máńgòrò iléèwé, bọ́ bàtà rẹ̀, ó tò ó síbì kan dọ́gbadọ́gba, ó pọ́n igi. Màmá ṣí ẹnu láti pè é lẹ́ẹ̀kẹta, àmọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ló kù tí wọ́n rí.

Lókè, ewé bo ojú rẹ̀. Ó sún síwájú. Ewé tún bò ó. Ó sún síwájú sí i, ẹ̀ka náà tẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀. Kò já bọ́, Ọlọ́run ló yọ ọ́: kùkùté ẹ̀ka kan kọ́ ìgbànú rẹ̀, ṣòkòtò rẹ̀ ya láti ìdí dé orúnkún, ó sì ń fì lókè adágún ní ìdojúbolẹ̀, tapá titan. Fóònù rẹ̀ bọ́ sínú omi. Ìyá erinmi yíjú, ó wò ó, ó sì la ẹnu. Ẹ̀yin tí ẹ ò tíì rí ẹnu erinmi rí, àpótí aṣọ ni kí ẹ fi wé e. Mọ́rẹ̀nikẹ́ fi ọwọ́ méjèèjì di orí mú. Láníyì bú sẹ́kún. Lórí afárá, ọmọ kékeré kan bi ìyá rẹ̀ pé irú ọ̀bọ wo nìyẹn. Ìyá náà yẹ ìwé tí wọ́n fún wọn ní géètì wò, ó ní kò sí níbẹ̀.

Òṣìṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Múfútàù ló gbé àkàbà dé. Àwọn mìíràn ju ewébẹ̀ sí òdìkejì kí erinmi lè tẹ̀ lé e, Múfútàù di àkàbà mú, ẹnì kejì sì gòkè lọ tú ìgbànú. Ìgbà tí ẹsẹ̀ Fọlárànmí kanlẹ̀, gbogbo èèyàn pàtẹ́wọ́. Mọ́rẹ̀nikẹ́ tú ìborùn rẹ̀, ó ró o fún ọkọ rẹ̀.

Màmá fi ọwọ́ pe Múfútàù. Ó rò pé wọ́n fẹ́ dúpẹ́ ni, ó wá, ó dọ̀bálẹ̀.

“Jókòó, ọmọ mi.”

Ó ní, “A kì í jókòó lẹ́nu iṣẹ́, Màmá.”

“Mo ní kí o jókòó.”

Ó jókòó. Màmá ní kó wo abẹ́ afárá. Àlàfo tó wà láàárín pákó àti omi kò ju apá kan lọ, ẹni tó bá sì dúró kò lè rí i. Níbẹ̀, nínú òjìji, lábẹ́ ẹsẹ̀ ọgọ́rùn-ún èèyàn tó ń wá a, etí kékeré méjì ń mì. Ọmọ erinmi náà gbé àgbọ̀n lé ìdí òpó, ó ń sùn.

Múfútàù gbàgbé pé òun jókòó, ó fò dìde, kò rí i mọ́, ó sáré tún jókòó. Ó fọn fèrè. Ọ̀gá àgbà wọn, obìnrin kan tó wọ bàtà òjò, sáré dé, òun náà jókòó. Nígbà tó dìde, omi ti lé sí i lójú. Ó bi Màmá báwo ni wọ́n ṣe mọ̀, nígbà tí gbogbo èèyàn ń wo ibi tí ìyá rẹ̀ ń wò.

“Adìyẹ tó fi ọmọ pa mọ́ kì í wo ibi tó fi í pa mọ́ sí,” ni Màmá fi dá a lóhùn.

Báyìí ni ìlà ṣe tò. Ẹnì kọ̀ọ̀kan ń jókòó ti Màmá, á wò, á mí kanlẹ̀, á dìde fún ẹni tó kàn. Fọlárànmí nìkan ló dúró sẹ́yìn nínú ìborùn olódòdó. Màmá na ọwọ́ sí i, wọ́n ní kó wá. Ó jókòó. Ó wo abẹ́ pákó títí.

“Màmá, ó ti wà níbẹ̀ láti àárọ̀?”

“Láti àárọ̀ ni. Ẹ ò sì fẹ́ jókòó.”

Fọlárànmí rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó sì mú gbogbo ara rẹ̀ débi pé ìborùn fẹ́ẹ̀ tú. Ọ̀gá àgbà béèrè orúkọ. Gbogbo ilé wo Fọlárànmí. Ó tọ́ka sí ìyá rẹ̀. Màmá béèrè bóyá akọ ni tàbí abo, wọ́n ní abo ni. Màmá ní kó máa jẹ́ Jókòótọ́lá. Ariwo ayọ̀ sọ lórí afárá, ọmọ erinmi jí, ó sì wẹ̀ jáde sójútáyé fún gbogbo èèyàn láti rí. Wọ́n gbé ọkọ̀ kékeré tí àwọn ọ̀gá fi ń yí ọgbà ká wá fún Màmá, wọ́n sì fi gbé wọn lọ dé géètì bí ìyàwó tuntun, èrò ń tẹ̀ lé wọn, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Bí wọ́n ṣe ń kọjá, kìnnìún ti dìde, ó dúró gangan létí irin. Màmá juwọ́ sí i.

Mọ́rẹ̀nikẹ́ ló kọ́kọ́ sọ òwe náà, nínú ọkọ̀ lọ́nà ilé. Ó ní, “Ohun tí Màmá rí lórí ìjókòó, Bàbá Àjíkẹ́ gun igi, kò rí i.” Àmọ́ ọkọ ẹni kò ṣeé dójú tì láàárín àdúgbò. Nígbà tó ń sọ ọ́ fún àwọn aládùúgbò lọ́jọ́ kejì, kò dárúkọ, àgbà ló pe Màmá, ọmọdé ló pe ọkọ rẹ̀. Igi ni kò yí padà, nítorí ẹni tó bá rí ṣòkòtò yẹn lórí okùn aṣọ yóò ṣáà mọ̀ pé igi wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Látẹnu dé ẹnu ló ti dé ọ̀dọ̀ yín. Bí ẹ bá tún gbọ́ ọ lọ́la, kí ẹ má ṣe rò pé àfiwé lásán ni. Wọ́n rí ọmọdé náà lórí igi, wọ́n sì di àkàbà mú fún un: ohun tí àgbà bá rí lórí ìjókòó, bí ọmọdé gun orí igi, kò lè rí i.